Ojú tí a Fi Owó Rà: Lórí Awò Ìbọn tí Ń Fi Lésà Wọn Ọ̀nà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń bi ara wọn fún ìgbà pípẹ́, tí ẹnu wọn kò sì tíì kò lé lórí. Ìbéèrè náà ni pé: awò orí ìbọn tí ó ń fi ìtànṣán lésà wọn bí ẹran ṣe jìnnà tó sí ọdẹ, ṣé ó yẹ kí ènìyàn fi owó rẹ̀ rà á? Bí a bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó dà bí ọ̀rọ̀ ọjà lásán: ẹni tí ó lówó a rà á, ẹni tí kò lówó a wò ó, a sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe gíláàsì àti irin nìkan ni ẹni tí ó ra awò yìí rà. Apá kan nínú ìmọ̀ ọdẹ ni ó rà. Ó sanwó kí ohun èlò lè bá a mọ ohun tí òun ìbá fi ọdún púpọ̀ kọ́. Ìdí nìyí tí ó fi tọ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ iṣẹ́ ọnà tàbí ìwé wò: kí a mọ ohun tí ó ṣèlérí, kí a mọ ohun tí ó lè ṣe, kí a sì mọ ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lò ó.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí í ṣe. Ní ọdún 1960 ni Theodore Maiman ṣe lésà àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́, ní ìpínlẹ̀ California. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ológun fi rí i pé ìmọ́lẹ̀ tóóró tí kì í fọ́nká bí ìmọ́lẹ̀ àtùpà yìí lè wúlò fún ìwọ̀n. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ kò le láti yé ènìyàn. Ẹ̀rọ náà yóò tan ìmọ́lẹ̀ kan fìrí sí ara ohun tí à ń wò. Ìmọ́lẹ̀ náà yóò kan ohun náà, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò sì padà wá. Ẹ̀rọ yóò ka àkókò tí àlọ àti àbọ̀ náà gbà. Nígbà tí a sì ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣirò lásán ni ó kù. Ẹran tí ó wà ní 400 mítà sí wa, ìmọ́lẹ̀ yóò lọ bá a, yóò sì padà, kí ìdá mílíọ̀nù mẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Ohun tí ó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni aago inú ẹ̀rọ náà, tí ó lè ka àkókò kékeré bẹ́ẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni èyí, tí ọdẹ ń gbé lọ́wọ́ tàbí kí ó so ó mọ́ àyà. Àwọn tí ń ṣe awò ìbọn wá ronú pé: èéṣe tí a kò fi ẹ̀rọ náà sínú awò fúnra rẹ̀? Láti nǹkan bí ọdún 2010 wá, ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ jù nínú irú awò bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ilé iṣẹ́ Burris pè ní Eliminator. Ọdẹ yóò gbé ìbọn lé èjìká, yóò tẹ bọ́tìnnì kan, awò yóò wọn ọ̀nà, kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ yóò ṣírò bí ọta irú ìbọn bẹ́ẹ̀ yóò ti wálẹ̀ tó, àmì kékeré kan yóò sì tàn nínú gíláàsì pé ibí yìí ni kí o fojú sùn. Kò sí pé à ń sọ ohun kan kalẹ̀ kí á tó gbé òmíràn. Kò sí pé à ń ka nọ́ḿbà lórí pépà. Ojú kan ṣoṣo ni ó rí ohun gbogbo.

Kí ni ìdí tí wíwọn ọ̀nà fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé ọta kì í lọ gbọọrọ bí okùn tí a fà. Láti ìgbà tí ó bá ti jáde lẹ́nu ìbọn ni ilẹ̀ ti ń fà á mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí á mú ọta .308 Winchester, tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ níbẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá to ìbọn náà kí ó bá ojú àmì mu ní 100 yáàdì, ní 200 yáàdì ọta náà yóò ti wálẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì 4. Ní 300 yáàdì, yóò di nǹkan bí íǹṣì 15. Ní 400, bíi 33. Ní 500, bíi 60, èyí tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ní ìdọ́gba ni ó ń wálẹ̀. Bí ọ̀nà ti ń gùn sí i ni ìṣubú náà ń yára sí i. Ẹni tí ó bá sì rò pé 400 yáàdì ni ẹran wà, nígbà tí ó jẹ́ 450 ni, yóò fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan ṣì í. Bẹ́ẹ̀, ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà lára àgbọ̀nrín ilẹ̀ wọn kò fẹ̀ ju nǹkan bí íǹṣì 8 sí 10 lọ. Àṣìṣe 50 yáàdì péré ti tó láti sọ ikú wàràwàrà di ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́.

Ojú ènìyàn kò sì dára ní wíwọn irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Lórí pápá gbalasa ìpínlẹ̀ Wyoming tàbí Montana, níbi tí kò sí igi, tí kò sí ilé, tí afẹ́fẹ́ mọ́ gaara, ohun tí ó jìnnà máa ń dà bíi pé ó wà nítòsí. Bí òjìji bá bo àfonífojì, ohun tí ó wà nítòsí a dà bíi pé ó jìnnà. Àgbọ̀nrín kékeré tí ó wà nítòsí àti elk ńlá tí ó jìnnà lè jọ tó ara wọn nínú awò. Nítorí náà, kò sí àní-àní pé ẹ̀rọ tí ó wọn ọ̀nà lọ́nà tí ó péye ṣe ohun rere kan: ó gba ẹran lọ́wọ́ ìrora tí àròsọ ọdẹ ìbá kó bá a. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń bu ẹnu àtẹ́ lu lésà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba èyí. Ẹran tí a ṣe léṣe tí ó sá wọ igbó lọ, tí ó lo ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó kú, kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ọdẹ pé ojú lásán ni ó fi wọn ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí ìwúlò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọdẹ bá to ìbọn .308 kan náà fún 200 yáàdì dípò 100, láti ẹnu ìbọn títí dé nǹkan bí 250 yáàdì, ọta kò ní gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀ ju nǹkan bí íǹṣì 4 lọ. Ìyẹn ni pé kí ọdẹ fojú sun àárín àyà ẹran kí ó sì yìn ín. Kò sí ohun tí ó fẹ́ wọn. Ẹni tí ó ń ṣọdẹ nínú igbó Pennsylvania tàbí Michigan, níbi tí igi pọ̀, tí ojú kì í sábà tó 150 yáàdì, owó awò oní-lésà tí ó bá ná jẹ́ owó tí ó fi dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Àwọn tí awò yìí lè wúlò fún ni àwọn ọdẹ pápá àti orí òkè, àwọn tí ẹran máa ń wà láàárín 300 àti 500 yáàdì sí. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìbọn àwọn wọ̀nyẹn nìkan ni ìpolówó ọjà ń pè.

Nígbà tí a bá sì dé pápá náà, ohun mìíràn ń dúró dè wá: afẹ́fẹ́. Lésà mọ ọ̀nà. Kò mọ afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ní máìlì 10 láàárín wákàtí kan, tí kì í ṣe ìjì, tí kò ju èyí tí ń mi ẹ̀ka kéékèèké lọ, yóò ti ọta .308 náà sí ẹ̀gbẹ́ tó nǹkan bí íǹṣì 13 ní 400 yáàdì, àti bíi 21 ní 500. Àwọn awò kan yóò sọ fún ọdẹ iye tí ó yẹ kí ó fi sí ẹ̀gbẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ní irú ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ọdẹ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tó. Èyí tí ó sì ń fẹ́ sí i lójú kọ́ ni èyí tí ń fẹ́ láàárín àfonífojì, èyí tí ń fẹ́ láàárín àfonífojì kọ́ sì ni èyí tí ń fẹ́ níbi tí ẹran dúró sí. Koríko ni yóò wò, ewé ni yóò wò, bí ooru ti ń jó lójú ilẹ̀ ni yóò wò, kí ó tó mọ̀. Nípa báyìí, ẹ̀rọ ti gba ìdajì ìṣòro tí ó ṣeé ṣírò lọ, ó sì fi ìdajì tí ó le jù sílẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé ìdajì tí ó gbà lọ náà ni ó fi nọ́ḿbà sọ, nọ́ḿbà sì máa ń fún ènìyàn ní ìdánilójú tí kò tọ́ sí i. Ẹni tí ó rí 437 nínú gíláàsì, tí àmì pupa sì ń tàn, yóò rò pé gbogbo ohun tí ó yẹ kí á mọ̀ ni a ti mọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí lésà kò lè wọn. Ọta .308 yóò lo nǹkan bí ìdá mẹ́wàá méje ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ó tó rin 500 yáàdì. Ẹran tí ó ń jẹko lè gbé ẹsẹ̀ kan síwájú láàárín àkókò yẹn, ikùn rẹ̀ yóò sì wá bọ́ síbi tí àyà rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Lésà kò mọ̀ bóyá ẹran fẹ́ rìn. Kò mọ̀ bóyá ọwọ́ ọdẹ ń gbọ̀n, tàbí bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun òkè tí èémí rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Lésà fúnra rẹ̀ pàápàá máa ń ṣì: ìtànṣán rẹ̀ lè kan koríko gíga tí ó wà níwájú ẹran, yóò sì ka ọ̀nà koríko, bí kùrukùru tàbí yìnyín bá bo ojú ọ̀run, ó lè má ka ohunkóhun. Ọdẹ tí ó bá mọ ojú ilẹ̀ yóò rí nọ́ḿbà náà, yóò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n yóò gbà á gbọ́. Ẹ wá rí i pé ẹni tí ẹ̀rọ náà wúlò fún jù ni ẹni tí ó lè ṣe díẹ̀ láìsí i, nígbà tí ẹni tí wọ́n ń polówó rẹ̀ fún jù ni ẹni tí kò lè ṣe ohunkóhun láìsí i.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Awò ìbọn tí ó ní lésà nínú máa ń ju 1,000 dọ́là lọ dáadáa, àwọn mìíràn sì ń jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀. Ẹ̀rọ awọnnà tí à ń gbé lọ́wọ́, tí ó dára, kò ná ọdẹ tó bẹ́ẹ̀; a sì lè fi owó tí ó kù ra awò lásán tí gíláàsì rẹ̀ mọ́, kí á tún fi ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọta láti fi kọ́ṣẹ́. Ẹ̀rọ ọwọ́ ní ire mìíràn tí a kì í sábà mẹ́nu bà: ènìyàn lè fi wọn ọ̀nà láìna ìbọn sí ohun tí ó ń wọn. Ẹni tí lésà rẹ̀ wà lórí ìbọn, nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ mọ bí igi kan tàbí òkúta kan ti jìnnà tó, ìbọn ni yóò nà sí i. Ohun àkọ́kọ́ tí a ń kọ́ ọmọdé ọdẹ ní gbogbo ilẹ̀ ayé ni pé kí ó má na ìbọn sí ohun tí kò fẹ́ pa. Irinṣẹ́ tí ó bá mú kí ènìyàn máa rú òfin yẹn lójoojúmọ́ ní àbùkù kan tí ẹwà rẹ̀ kò lè bò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Awò lásán tí ó dára lè ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, kí ó sì dé ọwọ́ ọmọ-ọmọ. Gíláàsì ni, irin ni, kò sí ohun tí ó ń kú nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ní bátìrì àti kọ̀ǹpútà nínú ti gba ọjọ́ ikú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá. Àwọn àgbà wí pé ọgbọ́n ọdún ni, wèrè ẹ̀ẹ̀míì. Ẹ̀rọ tí ó jẹ́ ìyanu ní ọdún 2010 ti di ohun tí à ń fojú tín-ín-rín láàárín ọdún mẹ́wàá. Òtútù orí òkè, tí ó jẹ́ ibi tí a ti nílò rẹ̀ jù, ni ó sì tún ń tètè pa bátìrì. Òfin pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Idaho, tí ó jẹ́ ilẹ̀ òkè àti ti elk, ọ̀pọ̀ ọdún ni òfin ọdẹ ti fi kọ ẹ̀rọ oníná tí a so mọ́ ìbọn tàbí tí a fi sínú awò fún ọdẹ ẹran ńlá, àfi iná kékeré tí ń tan àmì inú awò. Ẹni tí ó fi owó ńlá ra awò láti lọ ṣọdẹ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ra ohun tí yóò gbé sílé.

Ó yẹ kí á sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa orúkọ. Eliminator túmọ̀ sí ohun tí ń pa nǹkan rẹ́ ráúráú. Àwọn ọdẹ àtijọ́ kan a máa sọ ìbọn wọn lórúkọ. Orúkọ yìí kò dárúkọ ẹran, kò sì dárúkọ ọdẹ. Ohun tí ó ṣèlérí pé òun yóò pa rẹ́ ni iyèméjì. Mo rò pé àárín ọ̀rọ̀ náà gan-an ni a dé yìí. Ohun tí awò yìí ń tà kì í ṣe ọ̀nà tí a wọn. Òpin sí iyèméjì ni. Iyèméjì ọdẹ sì ni ohun tí ó ti ń dáàbò bo ẹran láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọdẹ tí ó wo ẹran lókèèrè, tí ó sọ pé, "N kò mọ̀ bóyá mo lè bá a níbẹ̀," tí ó sì dìde láti rìn súnmọ́ ọn, ọdẹ yẹn ti fún ẹran náà ní àǹfààní láti gbọ́ òórùn rẹ̀, láti gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀, láti sá. Bí a bá mú iyèméjì kúrò, ìrìn náà kò wúlò mọ́. Ẹni tí ó ra awò kí ó má baà ṣi ẹran ní 300 yáàdì yóò rí i láìpẹ́ pé 500 ni òun ń yìnbọn sí. Àṣìṣe kò dín kù. Ó kàn ṣí lọ sí ọ̀nà jíjìn ni.

Ẹgbẹ́ Boone and Crockett, tí Theodore Roosevelt dá sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1887 nígbà tí àwọn ẹranko ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ti fi èrò yìí ṣe ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ọdẹ òtítọ́. Èrò wọn ni pé kí ọdẹ má ṣe gba àǹfààní tí kò tọ́ lórí ẹran tí ó wà lómìnira. Wọn kò sọ pé kí a fi òkò ṣọdẹ. Ìbọn fúnra rẹ̀ jẹ́ àǹfààní. Awò lásán jẹ́ àǹfààní. Ibi tí ìlà wà ni kókó. Ìlà náà, lójú tèmi, wà níbi tí ẹran kò ti ní ohunkóhun tí ó lè ṣe mọ́: níbi tí imú rẹ̀, etí rẹ̀ àti ojú rẹ̀ kò ti lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ pa á.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìlà, ó yẹ kí àwa náà ṣọ́ra, kí á má baà máa fi ìka na ilé ẹlòmíràn. Ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá kò nílò ẹ̀rọ tí ń wọn 400 yáàdì, nítorí igbó wa kì í jẹ́ kí ojú rìn jìnnà, ṣakabùlà kì í sì í ròkè òkun. Ìwọ̀n tiwa ni pé kí ọdẹ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí òórùn rẹ̀ má baà ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ tiwa gba iná kábáìdì sórí, ó sì ń fi mú ojú ẹran lóru. Lónìí, iná oníbátìrì ni ó dé sórí. Fífi iná ṣọdẹ àgbọ̀nrín lóru bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Ohun tí ó jẹ́ àṣà níbìkan ni ó jẹ́ ìtìjú níbòmíràn. Èyí kò fi hàn pé kò sí ìlà. Ó fi hàn pé ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ń fa tirẹ̀, àti pé ìlú tí kò bá béèrè níbo ni ìlà wà kí ó tó ra ohun èlò tuntun, ohun èlò náà ni yóò fa ìlà fún un.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti rin ọ̀nà yìí dé òpin. Ní Texas, ní ọdún 2011, wọ́n dá ilé iṣẹ́ TrackingPoint sílẹ̀, tí ìbọn rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà tí ó lágbára. Ọdẹ yóò fi àmì sí ara ẹran nínú awò, yóò tẹ ibi tí à ń fi ìka fà, ìbọn yóò sì dúró, kò ní yìn títí ojú rẹ̀ yóò fi bá àmì mu. Ìgbà yẹn gan-an ni yóò yin ara rẹ̀. Iye rẹ̀ ju 20,000 dọ́là lọ ní ọdún 2013. Ní ọdún 2015, àwọn olùṣèwádìí méjì, Runa Sandvik àti Michael Auger, fi hàn gbangba pé àwọn lè gba orí ìsokọ́ra aláìlówàyà ìbọn náà wọ inú rẹ̀, kí wọn sì yí ìṣirò rẹ̀ padà. Wọ́n yí ìwọ̀n ọta padà nínú kọ̀ǹpútà náà, ọta sì kọ ojú àmì tí ayìnbọn ń wò sílẹ̀, ó lọ ba èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni ilé iṣẹ́ náà kó sínú ìṣòro owó. Kì í ṣe pé awò oní-lésà kéékèèké ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìtàn náà kọ́ wa ni pé bí ìpinnu ti ń kúrò lọ́wọ́ ènìyàn tó ni ó ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀. Ta ni ó pa ẹran tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ pa? Ìka ọdẹ ni ó fún un láyè. Kì í ṣe ìka ọdẹ ni ó yàn ìṣẹ́jú.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn ológun ti gbà á, nítorí náà ó dára. Òótọ́ ni pé ní ọdún 2022, iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé àdéhùn fún ilé iṣẹ́ Vortex ní Wisconsin láti ṣe awò tí a ń pè ní XM157, tí ó tó 250,000 láàárín ọdún mẹ́wàá, tí owó rẹ̀ lè dé bílíọ̀nù 2.7 dọ́là. Lésà wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀, ohun tí ń wọn ojú ọjọ́ pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun kì í ṣe ọdẹ. Ẹni tí ó dojú kọ ọmọ ogun ní ìbọn lọ́wọ́. Bí ọmọ ogun bá pẹ́ ní ríronú, òun ni yóò kú. Ọdẹ lè sọ fún ẹran pé, "Ó dàbọ̀, ó di ọjọ́ mìíràn," kí ó sì padà sílé láìsí ohun tí ó ṣe é. Ẹ̀tọ́ láti má yìnbọn ni ó ya ọdẹ sọ́tọ̀. Ohun èlò tí a ṣe fún ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ yẹn kò lè jẹ́ àwòkọ́ṣe fún ẹni tí ó ní in.

Níbo ni a wá fàbọ̀ sí? Mo ka ìwọ̀n sí ohun rere. Ẹni tí ó fẹ́ yìnbọn kọjá 250 yáàdì sí ohun ẹlẹ́mìí gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà náà, kì í ṣe kí ó rò ó. Nítorí náà, kí ó ra ẹ̀rọ awọnnà, ṣùgbọ́n kí ó ra èyí tí yóò máa gbé lọ́wọ́. Kí ó fi owó tí ó kù ra ọta, kí ó sì lọ sí pápá ìdánrawò ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti kọ́ ohun tí a kò tíì fi sínú gíláàsì kankan. Mo yọ àwọn kan sílẹ̀. Àgbàlagbà ọdẹ pápá tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tètè yí ohun méjì mọ́, tàbí ẹni tí ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó ní, lè ra awò oní-lésà láìjẹ̀bi, bí òfin ilẹ̀ rẹ̀ bá gbà á láyè, nítorí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tí ẹ̀rọ ń bá a ṣe. Ọ̀pá ni ó wà fún, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí ó rò pé awò yìí yóò sọ òun di ọdẹ, kí ó fi owó rẹ̀ pamọ́.

Òwe wa kan ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tí ó bá ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. A máa ń pa òwe yẹn láti fi yin ìfaradà ọdẹ àti ọ̀làwọ́ rẹ̀. Ó tún sọ ohun mìíràn, pé ìṣẹ́ àti ìyà náà wà nínú ẹran tí à ń jẹ, pé òun ni ó fún un ní iye lórí. Ẹran tí a pa ní 600 yáàdì láti orí òkúta tí a dùbúlẹ̀ sí, pẹ̀lú àmì pupa tí ó sọ ibi tí a ó fojú sùn, ẹran ni, a sì lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdẹ náà bá délé, tí wọ́n bá ní kí ó ròyìn bí ó ti pa á, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní gùn: ó tẹ bọ́tìnnì, ó fà á, ó lọ gbé e. Iye tí ó wà nínú ìwé ọjà kò ka ìròyìn tí ó kúrú yẹn mọ́ owó awò náà.